Tíkẹ́ẹ̀tì Ọmọ Tó Ní Ìyá Mẹ́ta

Wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi nítorí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ní pálọ̀ yìí lẹ ń rẹ́rìn-ín, Mosúnmọ́lá fúnra rẹ̀ tó ni ọ̀ràn á sì máa bá yín rín in láti kíṣìnnì. Ẹ̀rín náà dára. Èmi náà ti jẹun yó lónìí, ara mi yá, ọmọ ọmọ mi sùn sí mi léjìká, kí ni mo tún ń wá? Ṣùgbọ́n àjẹyó kì í pa ẹjọ́ rẹ́. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, tó wá yó lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Fairwood yìí, tí ilẹ̀kùn gáréèjì yín ń gbéra sókè fúnra rẹ̀ bí ẹni tó rí àna rẹ̀, ẹ ò lè mọ bí Hyattsville, ní Maryland yìí kan náà, ṣe rí fún wa nínú àwọn ọdún 1990. Ilé bíríkì pupa alájà mẹ́ta ni à ń gbé. Àwọn onílùú ń pè é ní àpátímẹ́ǹtì, àwa ń pè é ní agboolé. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹni tó wà lókè bá sín, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ní òwúrọ̀, kọ́kọ́rọ́ Sísítà Gbémi ni agogo wa. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lórí àtẹ̀gùn, ó ti ti ilé ìtọ́jú arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ dé nìyẹn, yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ á ti rún, ohùn rẹ̀ á sì ṣì máa kọ orin ìsìn bí ẹni pé oorun kò kàn án. Nísàlẹ̀, Alhája Sìdí á ti kírun tán, á máa bá rédíò jiyàn. Ohunkóhun tí ẹni inú rédíò bá sọ, Alhája ní èsì fún un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni rédíò ń sọ, Yorùbá Ìbàdàn ni Alhája fi ń dá a lóhùn, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé.

Obìnrin méjèèjì yìí, ẹ fi wọ́n sọ́kàn. Alhája ń di irun nínú pálọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, wọ́n wà nílé ní Ìbàdàn. Sísítà Gbémi kò tíì lọ́kọ nígbà náà, ìjọ àwọn aládùúrà gígùn ló ń lọ. Ìkẹta wọn ni ìyàwó mi, Ìyá Mosún, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ aláìsàn ní ọsibítù. Èmi? Mo gba oyè nínú ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì nílé, mo wá ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rù ní Beltsville. N kò ráhùn. Ilẹ̀kùn náà kò sá lọ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Tí Iléyá bá dé, àbúrò mi Káyọ̀dé, tó ń sùn sórí àga gígùn wa, ló máa ń wa Alhája lọ sí oko kan níta ìlú tí wọ́n ti ń ta àgbò. Ní ọdún kan, àgbò náà kọ̀ láti wọ ọkọ̀. Alhája bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ní, "Ìwọ àgbò yìí, Káyọ̀dé ni kò mọ ọkọ̀ wà ni, àbí kí lo rí?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹran ti kan gbogbo ilẹ̀kùn, Kìrìsìtẹ́nì ò gbẹ́yìn. Tí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì Sísítà Gbémi á ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Alhája kí ẹnikẹ́ni tó bù jẹ. Bí ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí a ṣe gbé ìlú òyìnbó nìyẹn. Lónìí, mo ti ń gbé àdúgbò yín yìí tipẹ́, n kò tíì mọ ẹni tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà, àfi ajá rẹ̀.

Ó dára. Mosún ti tó ọmọ tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, orí rẹ̀ pé, ni wọ́n bá fún un láyè ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì lápá kejì káúńtì. Inú wa dùn débi pé Alhája fẹ́rẹ̀ẹ́ tún pa àgbò mìíràn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tí ilé ẹ̀kọ́ ń rán kì í dé òpópónà wa. Ọmọ ní láti wọ bọ́ọ̀sì, kó wọ tíréènì, kó tún wọ bọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ náà sì ti sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ tó bá ń pẹ́ dé lemọ́lemọ́, wọn yóò fún ẹlòmíràn láyè rẹ̀, torí àwọn tó ń dúró dè é pọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Bí a bá ṣi ọkọ̀ yàn, ilé ẹ̀kọ́ lọ.

A jókòó yí tábìlì kíṣìnnì ká lọ́jọ́ Sátidé kan láti yan tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ ń ké "pí," tí ẹ ń kọjá, ẹ ò mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà ń fẹ́ ìgbìmọ̀. Èèyàn lè máa da owó ẹyọ sínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, karakara-karakara, kí awakọ̀ fa bébà pélébé kan ya fún un tí yóò fi wọ bọ́ọ̀sì kejì. Àwọ̀ bébà náà ń yí padà lójoojúmọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà lo ti àná. Bí kò bá fẹ́ ìyẹn, ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì bébà líle tó ní ilà dúdú lẹ́yìn, èyí tí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà tíréènì máa ń fà mọ́ra fìàù, tí á tún pọ̀ ọ́ sókè níwájú. Èkẹta ni tíkẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́, tó ń lo oṣù kan gbáko, tí owó rẹ̀ sì kéré jù lọ.

Ìyàwó mi fẹ́ owó ẹyọ. Ó ní, "Èyí tí mo fojú rí ni mo mọ̀. Tí ó bá tán, màá rí i pé ó tán."

Káyọ̀dé ní, "Ìyá Mosún, ọ̀làjú ti dé. Tíkẹ́ẹ̀tì onílà dúdú ni. Owó wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò rí."

Alhája ní, "Owó tí a ò rí? Irú ìyẹn wà lápò mi báyìí."

Káyọ̀dé kò gbà. Ó ra ọ̀kan wá láti dán an wò, ó ní kó má baà sọnù, ó fi mágínẹ́ẹ̀tì kan tó rí bí akàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ẹ mọ àwọn akàn Maryland wọ̀nyẹn tí wọ́n ń tà fún àlejò. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ dé ẹnu ọ̀nà tíréènì, ẹ̀rọ fa tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, ó pọ̀ ọ́ padà. Wọ́n tún tì í wọlé, ẹ̀rọ tún pọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Mo pe àbúrò mi, mo ní, "Káyọ̀dé, níbo lo fi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sí?"

"Bọ̀dá mi, mo tọ́jú ẹ̀ dáadáa ni o. Mo fi akàn tì í."

Mágínẹ́ẹ̀tì inú akàn ti jẹ gbogbo ohun tó wà nínú ilà dúdú rẹ̀. Títí di òní, tí nǹkan bá sọnù nínú ilé wa, a ó ní akàn Káyọ̀dé ló jẹ ẹ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe já sí tíkẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ìwà ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òfin ilé iṣẹ́ tó ń tà á ni pé lóṣooṣù, òbí àti ọmọ gbọ́dọ̀ jọ wá síwájú fèrèsé ọ́fíìsì wọn, láàárín ọ̀sẹ̀, ní àkókò iṣẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n yìí. Ta ni ó nílò tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù lọ? Ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ta ni wọ́n wá ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án? Òun náà ni. Ìwà àìtọ́ wọn àkọ́kọ́ nìyẹn, n kò sì tíì gbọ́ àlàyé kan lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa kò bínú nígbà náà. Kí ló tiẹ̀ ṣòro níbẹ̀? Agboolé kì í ṣófo. Lóṣù àkọ́kọ́, Alhája sọ fún ìyàwó mi pé, "Mọ́mì Mosún, ẹ gba ibi iṣẹ́ yín lọ. Ṣèbí èmi ni mo wà nílé." Ó di irun ọmọ tán, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ, wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n bọ̀. Ìyàwó mi bi í pé ṣé wọn ò yọ wọ́n lẹ́nu.

Alhája ní, "Yọ mí lẹ́nu kẹ̀? Wọ́n kàn bi mí pé ṣé èmi ni ìyá rẹ̀ ni. Mo ní, ta ni ìbá tún jẹ́?"

Gbogbo wa ní "Ẹ ṣeun, Alhája," a lọ jẹun. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tí ó ń fi orí lé ẹsẹ̀ rẹ ní gbogbo Sátidé kí o lè dì í nírun, tí ó ń kúnlẹ̀ kí ọ láàárọ̀, tí o bá a wí, tí o fún un ní oògùn nígbà tí ibà mú un, kí lo fẹ́ dáhùn tí wọ́n bá bi ọ́ ní gbangba pé ta ni ó ni ín? Kí o ní o kì í ṣe nǹkan kan sí i? Ní ilé wa, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti kọ ọmọ náà sílẹ̀ nìyẹn. Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ.

Lóṣù kejì, Sísítà Gbémi ló lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, kò tiẹ̀ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù. Wọ́n bi òun náà ní ìbéèrè kan náà. Ó ní òun ni ìyá rẹ̀, lórúkọ Jésù. Wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Lóṣù kẹta, ìyàwó mi tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ó ní òun náà fẹ́ mú ọmọ òun lọ, òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń gba ohun tó ń gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó wọ búláòsì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kun àtíkè díẹ̀ sójú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ níwájú fèrèsé yẹn, ó ti sọ ọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dà bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì wo ọmọ, ó wo ìyàwó mi. Ó ní, "Ta nìwọ?"

"Ìyá rẹ̀ ni mí."

"Ìyá rẹ̀ wá lóṣù tó kọjá. Ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń ṣiṣẹ́ òru bọ̀ ni."

"Ìyá rẹ̀ tó wá ṣáájú ìyẹn wé ìborí."

"Alhája nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ni."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

Obìnrin náà bọ́ jígí ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá jáde, táì rẹ̀ gùn kọjá ìdodo. Dípò kó bi àgbà tó dúró síwájú rẹ̀ léèrè, ọmọ ló yíjú sí láti bi. Ìwà àìtọ́ kejì nìyẹn, kí ẹ sì fi ọwọ́ mú un dáadáa, torí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tẹrí ba sí ọmọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ta ni ẹni yìí?"

Mosún ní, "Mọ́mì mi."

"Ẹni tó wé ìborí ńkọ́?"

"Mọ́mì mi."

"Ẹni tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì?"

"Mọ́mì mi."

"Ọmọ dáadáa, ìyá kan ṣoṣo lèèyàn ń ní. Èwo ni tìrẹ?"

Ọmọ dákẹ́. Kí ló fẹ́ wí? Ó mọ ẹni tó bí i, kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n a ti tọ́ ọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu pé Alhája kì í ṣe ìyá òun, òun ti bú Alhája lẹ́yìn nìyẹn, níwájú àjèjì. Ó yàn láti dákẹ́ ju kó bú ìyá rẹ̀ lọ. Àlejò lójú, kò fi ríran, wọ́n ní. Níbi tí à ń wí yìí, onílé gan-an ni kò fi ojú rẹ̀ ríran. Ọ̀gá yẹn wo ọmọ tó ní ìwà, irọ́ ló rí.

Ó ní kí wọ́n mú tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ ọmọ wá kí òun wò ó. Ọmọ na tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án bí a ṣe kọ́ ọ. Ọ̀gá gbà á, ó jù ú sínú àpótí tábìlì, ó tì í. Tíkẹ́ẹ̀tì náà kò tíì tán o. Àwọn ọjọ́ tí a ti sanwó fún ṣì wà nínú rẹ̀, lóòótọ́ ni, akàn kankan kò jẹ ẹ́. Ó wá yíjú sí àwọn tó wà lórí ìlà, ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú. Ó sọ ọ́ sókè. Ìyàwó mi ní obìnrin kan lórí ìlà fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Ìyàwó mi kò sunkún níbẹ̀. Ó dé ilé, ó bọ́ búláòsì ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e kọ́, ó wá jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Ó ní, "Baba Mosún, nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi tí mo bí i ni wọ́n lé." Gbólóhùn yẹn ni mo ṣì ń gbé kiri.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa la lọ. Mo wọ kóòtù mi, mo mú ìwé ìbí ọmọ dání, mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ dáhùn níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Alhája wé ìborí funfun, Sísítà Gbémi wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n lè dá òun mọ̀. Obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, ó dìde kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá jáde. Ó wò mí látòkèdélẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, ta nìwọ?"

"Bàbá rẹ̀ ni mí."

"Bàbá mélòó ló ní?"

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Mo fa ìwé ìbí yọ. Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí ọkùnrin náà fi dá mi lóhùn, torí láti ọjọ́ tí mo ti ń ka ìtàn, n kò tíì rí irú rẹ̀. Ó ní ìwé náà dára, ó fi hàn pé ìyá kan ni ọmọ ní, ohun tí òun sì ń wí náà nìyẹn. Bí ìyá bá jẹ́ ọ̀kan, àwọn méjì yòókù parọ́. Bí àwọn méjì bá parọ́, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà kò tọ́. Bí tíkẹ́ẹ̀tì kò bá tọ́, ọmọ kò lè gba òmíràn títí àwọn yóò fi wádìí. Ìwé tí mo mú wá láti gbèjà ọmọ mi ló fi dá a lẹ́bi.

Alhája kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi. Ó sún mọ́ gíláàsì, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni mélòó ló gbé ọ pọ̀n kí o tó mọ̀ ọ́n rìn? Àbí inú àpótí tábìlì yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ?"

Ọ̀gá bèèrè ohun tó sọ. Sísítà Gbémi ní, "Ó ní ẹ kú iṣẹ́."

Ọ̀gá ní kí a máa lọ sílé, kí a dúró de èsì.

Níta, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, mo ṣì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó nípọn nípa ẹ̀tọ́ àti òfin nígbà tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ti pín iṣẹ́ tán. Àárọ̀ Mọ́ńdè àti Túsìdeè di ti Sísítà Gbémi: bó ṣe ń ti iṣẹ́ dé, kò ní pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, ọmọ á kàn wọlé ni. Àárọ̀ Wẹ́sìdeè di ti Káyọ̀dé. Ọjọ́ méjì yòókù, Alhája tí kò mọ mọ́tò wà yóò bá ọmọ wọ bọ́ọ̀sì, owó ẹyọ wọn á máa dún karakara, yóò fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, yóò sì padà wá bá orí tí ó fẹ́ dì. Ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n má wá kí oòrùn tó gòkè. Ìyàwó mi ló ni ìrọ̀lẹ́.

Káyọ̀dé ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ dá wa lágara. Ohun tó ń mú ọkọ̀ móoru ti kú nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti rà á. Tí yìnyín bá bọ́, ìró Alhája ni wọ́n fi ń wé ọmọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, olùkọ́ ẹnu ọ̀nà á rí ọmọ kan tó ń jáde bí ẹ̀kọ tí wọ́n ń tú ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ dé rí. Ilé ẹ̀kọ́ kò rí àyè rẹ̀ gbà fún ẹlòmíràn.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò. Ẹ wo àwọn ọmọ tó bá Mosún dàgbà níbí, tí ẹ bá kí wọn ní Yorùbá, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ yín. Mosún ńkọ́? Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ jà ní kíṣìnnì. Inú àwọn ọkọ̀ yẹn ni ó ti kọ́ ọ. Tíréènì kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀. Alhája kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹnu sinmi. Láti ilé dé ilé ẹ̀kọ́, àlọ́ ni, ìtàn Ìbàdàn ni, èébú awakọ̀ ni. Sísítà Gbémi kọ́ ọ ní orin inú ìwé ìsìn, ẹsẹ ìkíní dé ìkarùn-ún. Ìyàwó mi ń kì í ní oríkì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bí àárẹ̀ bá mú un. Èyí tí kò dára jù nínú rẹ̀ ni ti Káyọ̀dé, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bú ẹni tó bá já síwájú ọkọ̀ ẹni.

Nítorí ìyẹn ni inú mi fi dùn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọmọ mi gba ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì kankan kò lè fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ nítorí ìyẹn. Olè tó jí agbòjò ẹni lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, olè náà ni. Àwọn ni wọ́n jí i. Àwa la fi orí wa bo ọmọ.

Alhája kú, ẹ ti mọ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀. Nígbà tí a dé mọ́sáláṣí, ó kún, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fò wá láti ilé. Nígbà tí wọ́n kírun òkú tán, ààfáà ní kí àwọn ọmọ Alhája bọ́ síwájú kí òun gbàdúrà fún wọn. Mosún dìde. Ó ti wé orí rẹ̀, ìró àtijọ́ yẹn ló fi bo èjìká, èyí tí wọ́n fi ń wé e nínú ọkọ̀ Káyọ̀dé. Ó rìn lọ síwájú láàárín gbogbo èèyàn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an gan-an, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ Alhája. Èyí àgbà nínú wọn sún fún un. Ààfáà wò ó, ó ní, "Ìwọ náà, ọmọ wọn ni ọ́?"

Mosún ní, "Ọmọ wọn ni mí, sà."

Ààfáà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kò bèèrè ìwé.

Mo jókòó sẹ́yìn níbẹ̀, mo rántí àpótí tábìlì yẹn. Ó yẹ kí ọ̀ràn náà ti kúrò lọ́kàn mi, kò kúrò. Wọ́n ní kí a dúró de èsì, àwa sì jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ràn, a ṣì ń dúró. Ìyàwó mi wà ní ìyẹ̀wù lọ́hùn-ún, Sísítà Gbémi ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, Alhája ti lọ síbi tí kò ti sí fèrèsé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn gíláàsì lọ́jọ́ náà, níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ̀yìn tì sí báyìí, àti ẹ̀yin tí ẹ gba àga wọn, mò ń bèèrè lọ́wọ́ yín. Ta ló ṣòfin pé kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án wá gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án? Ta ló fún yín láṣẹ láti fi ọmọ jẹ́rìí lòdì sí ìyá rẹ̀? Àwọn ọjọ́ tó ṣẹ́ kù nínú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ta ló lò wọ́n? Ẹ ní ẹ fẹ́ wádìí. Ẹ wádìí, kí ẹ sì wá sọ ohun tí ẹ rí fún mi lójúkojú: nínú àwọn obìnrin mẹ́ta tó dúró síwájú yín, èwo ni kì í ṣe ìyá rẹ̀?